Igi Tó Ń Mí

Ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé. Ẹ̀yin ọmọ tó ń wá jókòó tì mí ní Ore máa ń kà wọ́n, ẹ ó sì sọ pé, “Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gé gẹdú títí irun yín fi funfun, ẹyọ ìka kan kò sọnù?” Èmi a rẹ́rìn-ín. Ẹ kò mọ̀ pé ohun tó ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn. Mo wọ igbó ní pípé, mo jáde ní pípé. Ẹni tó mọ igi wò jù mí lọ ni igbó gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá ti rò ó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà a rú mi lójú, bó ṣe ń rú mi lójú láti ìgbà èwe mi nìyẹn.

Nígbà tó jẹ́ pé ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó kọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. N kò ní pẹ́ lórí bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà. Bàbá mi mú mi lọ, ó gbé kẹ̀ǹgbẹ̀ epo kan àti àkùkọ kan kalẹ̀ níwájú ọ̀gá, ó kí i, ó padà sí oko rẹ̀. Owó ibẹ̀ kò jẹ́ kí ebi pa wá, kò sì sọ wá di olówó. Ọ̀gá tí mo bá pàdé ni kí ẹ gbọ́.

Bàbá Akínnúsì là ń pè é, ọmọ Odigbo ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, aṣọ funfun ló ń wọ̀ láìwọ bàtà, nítorí àgbà ni nínú ilé àdúrà wa. Lọ́jọ́ Ajé, ṣòkòtò kan báyìí ni, tí oje igi ti sọ di pákó. Bí ó bá bọ́ ọ, ó lè dá dúró. Kò ga, kò sanra, n kò sì gbọ́ kí ohùn rẹ̀ lọ sókè rí. Ìkálẹ̀ ló ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí ní ọ̀nà tí gbogbo yín ó fi gbọ́.

Ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira nígbà náà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ní kí gbogbo ọmọ lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo ìlú ló ń kọ́ kíláàsì, gbogbo kíláàsì ló sì ń fẹ́ pákó. Ore tí ẹ ń wò yìí kò ju oríta lọ: ilé oúnjẹ bíi mélòó kan, ibi tí lọ́rí ń dúró sí, igbó lọ́tùn-ún, igbó lósì.

Ayùn wa gùn ju ènìyàn lọ, ó ní ọwọ́ lókè, ó ní ọwọ́ nísàlẹ̀. A ó gbẹ́ kòtò, a ó yí gẹdú sórí rẹ̀, ẹnì kan á dúró sórí gẹdú, ẹnì kan á wọ inú kòtò. Ẹni òkè ló ń tọ́jú ojú ìlà. Ẹni ìsàlẹ̀ ló ń fà á wálẹ̀, òun náà ló ń jẹ ìyẹ̀fun pákó. Ọdún méjì gbáko ni mo fi jẹ́ ẹni ìsàlẹ̀. Jóṣúà ló wà lórí mi. Ẹgbẹ́ ni wá, ilé àdúrà kan náà la ti jọ dàgbà, ṣùgbọ́n ó ti ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá.

“La ẹnu,” ni yóò wí látòkè. “Oúnjẹ àárọ̀ ń bọ̀.”

“Ìwọ náà ó wọ kòtò lọ́jọ́ kan.”

“Bí mo bá wọ kòtò, òkú ni mí nìyẹn. Fà á.”

Bàbá ní àṣà kan tí n kò bá lọ́dọ̀ agégẹdú mìíràn: kì í jẹ́ kí àáké kan igi kí igi náà tó yà wá lẹ́nu. A ó bọ́ bàtà, a ó ṣí fìlà, a ó dúró yí igi ká. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tó rí lára igi náà tí kò rí rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tó ti sọ nídìí igi mìíràn. Kò gbọdọ̀ sọ pé igi ga, kò gbọdọ̀ sọ pé igi tóbi. Bí o bá sọ tìrẹ tán, Bàbá a bi ọ́ léèrè pé, “Ṣé tuntun ni?” Bó bá jẹ́ tuntun lóòótọ́, gbogbo wa a jọ wí pé, “Ọlọ́run, o kú iṣẹ́.” Bí a ṣe ń kí aládùúgbò tí a bá lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan kò ní í fọwọ́ kan irin lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi, igi ọ̀mọ̀ kan ni wọ́n mú mi dúró sí ìdí rẹ̀.

“Kí lo rí?” Bàbá bi mí.

“Bàbá, igi ni mo rí.”

“Èmi náà rí igi. Yí i ká.”

Mo yí i ká. “Ewé rẹ̀ tutù, Bàbá.”

“Ewé tó gbẹ wo lo rí lórí igi rí? Yí i ká.”

Mo yí i ká títí oòrùn fi kan àtàrí. Ebi ń pa mí, ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi. Jóṣúà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń díbọ́n pé omi lòun fẹ́ bù. “Má wo igi mọ́,” ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́. “Wo ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lára igi.”

Mo wo ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Èèrà ló wà níbẹ̀, àwọn kan ń gòkè, àwọn kan ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ọ̀kan bá pàdé èkejì rẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á fi ẹnu kan ẹnu, kí oníkálukú tó máa lọ. Kò sí èyí tó kọjá láìdúró. Mo sọ ọ́ fún Bàbá.

“Ṣé tuntun ni?”

“Tuntun ni. Ojoojúmọ́ ni mo ń tẹ èèrà, n kò mọ̀ pé wọ́n ń kí ara wọn.”

“Ọlọ́run, o kú iṣẹ́,” ni wọ́n wí. Ni Bàbá bá gbé àáké lé mi lọ́wọ́.

Ó le, ẹ̀yin ọmọ. Mo rí Bàbá tó lé ọkùnrin onírungbọ̀n lọ sílé nítorí pé ó sọ ohun kan náà nídìí igi méjì. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bàbá máa ń sọ pé ìbẹ̀rù ni àwọn ènìyàn ń fi òwe yẹn kọ́ ọmọ, àdúrà lòun fi ń ṣe. “Ẹni tó gé ohun tí kò wò,” ló máa ń wí, “olè ni lójú Ẹni tó gbìn ín.”

Làmídì tó ń fi lọ́rí kó pákó wa kò jẹ́ kí a gbádùn. Mùsùlùmí ni, ibùdókọ̀ Ore ló fi ṣe ilé, ahọ́n rẹ̀ kò sì ní bíréèkì. “Ẹ̀yin akígi,” ni yóò ké láti orí ìjókòó, “ṣé igi ti jẹ́ yín lónìí?”

“Làmídì,” ni Bàbá dá a lóhùn lọ́jọ́ kan, “ìwọ tí ò ń forí kanlẹ̀ nígbà márùn-ún lóòjọ́, ṣé ilẹ̀ máa ń jẹ́ ọ?”

“Rárá, Bàbá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í wó luni.”

Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín.

Àṣà náà tẹ̀ lé mi délé. Mo bu omi nínú odò ní Omifunfun, mo gbé igbá dúró, mo rí i pé omi ṣì ń mì lẹ́yìn tí ọwọ́ mi ti dúró. Mo jókòó níwájú ìyá mi, mo rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé etí rẹ̀ kan kéré ju èkejì lọ, etí yẹn náà ni mo sì gbé wáyé. Láti kékeré ni mo ti ń lọ sí ilé àdúrà, mo ti ké Halelúyà títí ohùn mi fi há. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, mo ń jí láàárọ̀ pẹ̀lú ìfẹ́ láti mọ ohun tí Ọlọ́run tún ti ṣe síbì kan tí n kò tíì wò. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín: n kò tíì rí adùn tó tó o láti ìgbà náà.

Lọ́jọ́ òmìnira, àwọn ọmọ ilé ìwé Odigbo jẹ ìrẹsì, wọ́n sì ń ju àsíá kékeré. Bàbá ní a kò ní í gé nǹkan kan. Ó kó wa lọ sídìí ìrókò àtijọ́ kan, ó ní kí oníkálukú sọ̀rọ̀. Jóṣúà gbọ́wọ́ lé e, ó ní, “Igi yìí kò mọ̀ pé òyìnbó dé, kò sì tíì gbọ́ pé wọ́n ti lọ.” Ẹ̀rín pa Bàbá títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ni ayùn onẹ́ńjìnnì dé. Oníṣòwò tó ń ra gẹdú lọ́wọ́ wa ló gbé e wá. Ó wúwo bí ewúrẹ́ tó lóyún, ó ń ké bí alùpùpù tí páìpù rẹ̀ já. Ojú Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ Jóṣúà sì fẹ́ràn ayùn àtijọ́, ni wọ́n bá ní kí n lọ kọ́ ọ. Mo di ọ̀gá kékeré. Igi tí à ń fi odindi àárọ̀ gé tẹ́lẹ̀, mo ń gbé e ṣubú kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀kọ tó tú ewé ẹ̀kọ kejì. Igi kan lóòjọ́ di igi mẹ́fà, ó di méje.

Ìyanu méje lóòjọ́, níbo la ti fẹ́ rí i? Bàbá kò yí àṣà rẹ̀ padà. Bàtà kúrò lẹ́sẹ̀, fìlà kúrò lórí, kí lo rí. Èmi wá dọ́gbọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ìyanu sílẹ̀ láti ilé, bí ìyàwó ṣe ń di èkuru sílẹ̀ de ọjà. Bí a bá dé ìdí igi, mo ti ní i lẹ́nu. Nígbà tí ti ilé tán, mo ń tún ti àtijọ́ lò, pẹ̀lú ìrètí pé Bàbá ti gbàgbé. “Ṣé tuntun ni?” “Tuntun ni, Bàbá.” Wọ́n á sì kí Ọlọ́run kú iṣẹ́ tí èmi fúnra mi kò rí. Irọ́ kékeré ni mo kà á sí. Ẹ́ńjìnnì ń dúró dè mí.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ni, ní àárọ̀, lójú ọ̀nà Odigbo. Igi arère ńlá kan ni, ó dúró ṣánṣán bí òpó. Bàbá sọ tirẹ̀. Ó kàn mí, mo ní, “Èèpo rẹ̀ hun jọ bí ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá arúgbó.” Wọ́n kí Ọlọ́run. Ọwọ́ mi ti wà lórí okùn tí à ń fà kí ẹ́ńjìnnì tó ké.

Jóṣúà kò tètè sọ̀rọ̀. Ó gbé etí lé igi náà, ó di ojú, ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀.

“Igi yìí ń mí,” ló wí.

“Báwo?” Bàbá bi í.

“Ẹ gbé etí lé e, Bàbá. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, afẹ́fẹ́ ń jáde. Ó ń mí bí ọmọ tó sùn.”

Bàbá gbé etí lé e. Mo rí i tí omi bọ́ lójú rẹ̀. “Láti ìgbà tí mo ti ń gégi,” ló wí, “n kò gbọ́ èyí rí. Ọlọ́run, o kú iṣẹ́.” Ó gbé orin, a bá a kọ ọ́. Orin kò tíì tán nígbà tí mo fa okùn.

Ẹ bá mi rò ó o. Igi tí afẹ́fẹ́ ń rìn nínú rẹ̀, irú igi wo ni? Ọmọdé tó ń sáré ìta ní Odigbo á sọ fún yín pé ihò ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn àáké la fi ń lu igi ká kí a tó gé e láyé àtijọ́. Láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti dé ni a ti ń gbàgbé. A gbọ́ ohun tó yẹ kí ó lé wa sá, a fi kọrin, a sì wọ abẹ́ rẹ̀.

Mo gé e dé ìdajì. Igi náà ké, ó ya láti ìdí lọ sókè, apá kan tú jáde sẹ́yìn, ó wó síhà tí Jóṣúà dúró sí, níbi tó yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró sí láìséwu. Ó wó lu igi kékeré kan, igi kékeré náà sì wó lé Jóṣúà lẹ́sẹ̀. Àwọn àgbà ní bí igi bá ré lu igi, tòkè rẹ̀ la kọ́kọ́ ń gbé. Òwe lásán ni lẹ́nu ẹ̀yin. Lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ ni. A gbé tòkè, a gbé tìsàlẹ̀, mo sì rí ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi.

Làmídì da pákó tó wà nínú lọ́rí rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú Ondo. Bàbá gbé orí Jóṣúà lé itan. Nígbà tí a rìn jìnnà, Làmídì béèrè láìwẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ kò sì ní yẹ̀yẹ́ nínú: “Bàbá, kí lẹ rí lára igi náà lónìí?”

Bàbá ń nu ojú Jóṣúà.

“Ó ń mí,” ni Jóṣúà wí.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Nínú ilé àdúrà, àwọn kan ní ayé ló ṣe é, àwọn kan ní Ọlọ́run kò fẹ́ kí a máa dúró ti igi bí ẹni ń bọ ọ́. Wòlíì wa gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó jáde, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn. Bàbá ní tirẹ̀ kò bi wá léèrè mọ́. Ó máa ń fi ẹ̀yìn àáké lu igi níbi mẹ́rin, á tẹ́tí, á ní, “Ẹ gé e.” Bàtà wà lẹ́sẹ̀ wa, fìlà wà lórí wa. Jàǹbá mìíràn kò ṣẹlẹ̀ sí wa, síbẹ̀ mo ń sunkún àṣà àtijọ́ náà.

Bí mo bá ní Ọlọ́run ń jẹ mí níyà nítorí irọ́ mi, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó sọ òótọ́ ló lọ? Bí mo bá ní ìyanu yẹn kò wúlò, òun ló ṣí mi lójú. Bí mo bá ní ó wúlò, òun ló kọ orin sí wa létí tí a kò fi gbọ́ igi. Mo gbé e síbí, kò dúró. Mo gbé e sọ́hùn-ún, kò dúró.

Ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ mi mọ̀ ni mo ṣe. Apá tó dára lára arère náà ni mo fi gbẹ́ ẹsẹ̀ fún Jóṣúà, nítorí igi tó fúyẹ́ ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní òun fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ọ̀kan bá gbó, èmi ni mò ń gbẹ́ òmíràn. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó jókòó sí Ore, ó ń fi fáìlì pọ́n ayùn fún gbogbo agégẹdú, ó sì ń ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wo alángbá, kí n wá wo bí epo ṣe ń tàn lórí omi. Mo máa ń lọ, mo máa ń ní ó dára. Irọ́ ni. N kì í rí nǹkan kan.

Iṣẹ́ ń lọ. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lọ, ogun gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, títì ńlá dé. Ìrókò tán, a ń gé arère. Arère ń tán lọ, ìjọba gbin igi tíìkì ní ìlà bí ẹ̀gẹ́. Kòtò ayùn wa ti di ibi tí wọ́n ń gbin kókò. Nígbà tí Bàbá Akínnúsì wà lórí àìsàn tó gbé e lọ, mo lọ kí i. Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Kí n tó la ẹnu, ó ní, “Ṣé mo kọ́ yín dáadáa?” Mo ní, “Ẹ kọ́ wa dáadáa, Bàbá.” Ó wo òkè àjà. “N kò mọ̀,” ló wí. Mo gbé ìjẹ́wọ́ mi padà sílé.

Lọ́dún tó kọjá tí mo fi ayùn sílẹ̀, ó wá hàn sí mi pé bí ọ̀kan nínú àwa méjì bá kú láìjẹ́ pé mo sọ ọ́, n kò ní í lè kí Ọlọ́run kú iṣẹ́ mọ́ láé. Mo lọ bá Jóṣúà lábẹ́ ahéré rẹ̀ lẹ́bàá ibùdókọ̀.

“Jóṣúà, mo ní ọ̀rọ̀ kan.”

“Ọ̀rọ̀ kan péré, látọjọ́ yìí? Jókòó.”

“N kò wo igi náà lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí mo sọ, mi ò rí i lára rẹ̀.”

Fáìlì rẹ̀ kò dúró. “Ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá arúgbó,” ló wí.

“O rántí?”

“O ti sọ ọ́ nídìí igi ẹ̀kì kan ní Omifunfun ṣáájú. Àbí o rò pé ìwọ nìkan lo ní etí?”

“Kí ló dé tí o kò fi tú mi fó?”

“Mo fẹ́ tú ọ fó. Igi yẹn ló gba etí mi.” Ó gbé fáìlì sílẹ̀ wàyí. “Èmi náà ní tèmi. Mo mọ̀ pé ihò wà nínú rẹ̀.”

“O mọ̀?” mo wí.

“Bí mo ṣe gbé etí lé e ni mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n igi oníhò mélòó la ti gé? Bí mo bá ní ó ní ihò, Bàbá á ní, ‘Ṣé tuntun ni?’ Ihò kì í ṣe tuntun. Èémí yẹn ló jẹ́ tuntun. Mo wá sọ èyí tó jẹ́ tuntun, mo ní ẹni tó bá gbé etí lé e á mọ ìyókù. Bàbá gbé etí lé e. Mo rò pé ìwọ náà gbé e.”

“N kò gbé e.”

“Mo ti wá mọ̀.”

“Bàbá ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?”

“Ó ń sunkún. Ẹni tó ń sunkún, ta ló mọ ohun tó ń gbọ́?”

Àwa arúgbó méjì jókòó, àwọn ọlọ́kadà ń kọjá, a kò mọ ẹni tí a ó bi nínú ara wa, ohun tó sì wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

“Kí lo rí lónìí?” ni Jóṣúà bi mí.

Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́ láti ìgbà tí Bàbá ti dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ti dé ẹnu mi láti inú àpò àtijọ́. Mo gbé e mì. Mo wo ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹsẹ̀ igi rẹ̀ ni ojú mi bọ́ sí. Ihò wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ lù ú, ìyẹ̀fun funfun bí èlùbọ́ láfún sì jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi, mo ṣí fìlà, mo gbé etí lé ẹsẹ̀ náà. Ọlọ́kadà kan dúró ń wò wá. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ọ.

“Kòkòrò wà nínú rẹ̀,” mo wí. “Mo ń gbọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹnu tó kéré tó báyẹn, mo sì ń gbọ́ ọ bí ó ṣe ń jẹun.”

“Ṣé tuntun ni?”

“Tuntun ni. Ó sì ti jẹ ẹ́ dé inú, Jóṣúà. Bọ́ ọ kí ó má ṣẹ́ mọ́ ọ nídìí.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú awọ tó fi so ó. “Ọlọ́run, o kú iṣẹ́,” ló wí. Èmi náà wí i. Mo wí i bí mo ṣe ń wá pákó tí n ó fi gbẹ́ òmíràn, mo sì fi ìka lu pákó náà níbi mẹ́rin kí n tó gbé e lé itan.